Kí ló ń dá ètò íméèlì yín dúró kó tó ṣí?

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: wọ́n á tẹ àmì ètò íméèlì lójú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, wọ́n á dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn, wọ́n á padà dé, kò ní tíì ṣí. A mú èyí tó kan èèyàn púpọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ bọ́tìnnì àti fódà, bí ẹ ó ṣe rí i lójú kọ̀ǹpútà la ṣe kọ ọ́, kí ẹ má baà ṣì í tẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀. Thunderbird la fi ń gba íméèlì, lẹ́tà láti 2016 ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ojú rẹ̀ á funfun báláú, á kọ Not Responding sókè, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó gbọ́ràn. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe yọ ọ́ kúrò, ó tún un gbé sí i, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ó wá ní òun fẹ́ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà, ọ̀gá wa sì ti gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ bá wa bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yẹn kí ẹ tó parí ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Thunderbird fúnra rẹ̀ àti àwọn lẹ́tà yín kì í gbé ojú kan náà. Inú Program Files ni ètò náà wà. Àwọn lẹ́tà, àdírẹ́ẹ̀sì àwọn oníbàárà, páàsìwọ́ọ̀dù àti gbogbo bí ẹ ṣe tò ó wà nínú fódà mìíràn tí à ń pè ní profile. Ẹni tó bá yọ Thunderbird kúrò kò fọwọ́ kan profile. Nígbà tó bá tún un gbé sí i, ètò tuntun á lọ ṣí ẹrù àtijọ́ náà, ẹrù yẹn ló sì wúwo. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó ṣe kò fi so èso. Ní ti fọ́máàtì, ó máa yá lóòótọ́, torí pé á ti gbá lẹ́tà láti 2016 dànù. Tó bá jẹ́ POP lẹ ń lò (èyí tó ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà yín), tí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba íméèlì) kò sì tọ́jú ẹ̀dà, ẹ ò ní rí wọn mọ́ láéláé. Ẹ wo Account Settings, kí ẹ tẹ Server Settings. Server Type á sọ fún yín bóyá POP ni tàbí IMAP, èyí tó ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà. Lọ́dọ̀ lọ́yà, tí lẹ́tà lè di ẹ̀rí ní kóòtù, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ná. Ẹ ṣí Thunderbird, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ lọ sí Help, kí ẹ tẹ Troubleshooting Information. Ẹ ó rí Profile Folder, bọ́tìnnì Open Folder á sì wà níwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fódà náà á ṣí. Ẹ wá ti Thunderbird pa, ẹ padà sí fódà tó gbé èyí dání, kí ẹ kó gbogbo fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí default-release tàbí default lọ sórí hard disk mìíràn. Bí Thunderbird bá kọ̀ tí kò ṣí rárá, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ %APPDATA%\Thunderbird\Profiles síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Tó bá jẹ́ flash lẹ fẹ́ kó o sí, ẹ wò ó pé kì í ṣe FAT32 ló wà lórí rẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, Inbox ọ́fíìsì tó ti pẹ́ tó tiyín sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ láìfura. exFAT tàbí NTFS ni kó jẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀dà, ẹ wá ibi tí àkókò náà ń lọ. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà kí Task Manager yọ. Ẹ jẹ́ kó wà lójú, kí ẹ ṣí Thunderbird, kí ẹ máa wo òpó Disk àti CPU. Tí Disk bá gun 100% tó sì dúró síbẹ̀, tí CPU kò ṣe nǹkan gidi, fáìlì ńlá ni kọ̀ǹpútà ń kà, tàbí kó jẹ́ pé hard disk ló ti ń kú lọ. Tí CPU ló ga, ẹ fura sí add-on (ètò kékeré tí wọ́n so mọ́ Thunderbird) tàbí antivirus. Tí méjèèjì bá wà nílẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì funfun, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dúró dè.

Ẹ ti Thunderbird pa. Ẹ di bọ́tìnnì Shift mú, ẹ tẹ àmì Thunderbird, ẹ má sì fi Shift sílẹ̀ títí ojú kékeré kan á fi yọ tí á béèrè Troubleshoot Mode. Ẹ má fi àmì sí ohunkóhun níbẹ̀, ẹ kàn ní kó máa bá a lọ báyìí. Kò ní gbé add-on kankan dání. Bó bá ṣí kíá báyìí, ẹ padà ṣí i bí ẹ ṣe máa ń ṣí i, ẹ lọ sí Add-ons and Themes, kí ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń dà á láàmú. Bó bá ṣì lọ́ra, add-on kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ kọjú sí àwọn lẹ́tà.

Ẹ padà sínú profile. Lẹ́tà POP wà nínú fódà Mail, ti IMAP wà nínú ImapMail. Ẹ ó rí fáìlì méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà: Inbox tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, àti Inbox.msf. Inbox ni àwọn lẹ́tà gan-an, gbogbo wọn nínú fáìlì kan ṣoṣo, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú fọ́tò àti PDF tí wọ́n so mọ́ wọn. Inbox.msf ni àtọ́ka tí Thunderbird fi ń mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí Inbox ṣe tóbi tó. Tó bá ti ń lọ sí 3 GB tàbí 4 GB, ẹ ti mú olè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé lẹ́tà tí wọ́n pa rẹ́ kì í kúrò nínú fáìlì yẹn. Ó dà bí ìwé gbèsè oníṣọ́ọ̀bù: bí oníbàárà bá san owó, wọ́n á fa ìlà gba orí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kò fúyẹ́ sí i. Ẹ lè pa lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ́ kí Inbox máà fi KB kan dín. Iṣẹ́ tó ń yọ wọ́n kúrò ni Compact. Yóò kọ ẹ̀dà tuntun tí lẹ́tà tó wúlò nìkan wà nínú rẹ̀, á sì ju ti àtijọ́ nù.

Nítorí pé ó ń kọ ẹ̀dà tuntun, àyè gbọ́dọ̀ wà. Tí Inbox bá jẹ́ 5 GB, kí àyè tó ṣófo lórí C: ju 5 GB lọ dáadáa. Iná pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ mú iná lọ. Ẹ jẹ́ kí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ wà ní títàn, torí pé iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí lè ba fáìlì náà jẹ́. Ẹ fi mọ́ọ̀sì tẹ Trash lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan Empty Trash. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Junk. Ẹ tẹ Alt kí File lè yọ lókè, ẹ tẹ File, kí ẹ tẹ Compact Folders. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ ohunkóhun lórí Thunderbird títí yóò fi parí. Tó bá tán, ẹ padà lọ wo bí Inbox ṣe tó. Iye tó fi dín ni òkú ẹrù tí ẹ ti ń gbé láàárọ̀ láàárọ̀. Kó má baà tún kó jọ, ẹ lọ sí Settings, General, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Network & Disk Space, kí ẹ fi àmì sí ìlà tó ní kó máa ṣe Compact fúnra rẹ̀ bí àyè tó máa gbà padà bá ti kọjá iye MB kan.

Bó bá ṣì lọ́ra lẹ́yìn èyí, àtọ́ka lè ti bàjẹ́. Ẹ ti Thunderbird pa, kí ẹ pa Inbox.msf rẹ́. Inbox.msf nìkan o! Ẹ má fọwọ́ kan Inbox tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn, lẹ́tà yín nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá tún un ṣí, Thunderbird á ka Inbox láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láti kọ àtọ́ka tuntun, torí náà ó lè pẹ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó parí. Bí ẹ ṣe to àwọn òpó ojú rẹ̀ lè yí padà díẹ̀, lẹ́tà kankan kò ní sọnù.

Lẹ́yìn náà kí ẹ pín in. Kò sídìí tí lẹ́tà 2016 fi gbọ́dọ̀ wà nínú Inbox kan náà pẹ̀lú tàná. Ẹ to Inbox ní Date, ẹ mú gbogbo lẹ́tà ọdún tó ti kọjá lọ́pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ lẹ́tà A lórí kíbọ́ọ̀dù. Thunderbird á kó wọn lọ sínú Archives, á sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọdọọdún. Tẹ́ ẹ bá ti kó wọn tán, ẹ tún ṣe Compact lórí Inbox, torí pé lẹ́tà tí ẹ kó lọ ṣì wà níbẹ̀ bí èyí tí ẹ pa rẹ́.

Antivirus ló kù. Nígbàkígbà tí Thunderbird bá ṣí Inbox, antivirus lè fẹ́ yẹ gbogbo 4 GB náà wò látòkè délẹ̀. Ẹ̀rù tó tún wà níbẹ̀ ni pé bó bá rí fáírọ́ọ̀sì nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, ó lè gbé odindi Inbox tì mọ́lé. Ẹ lọ sí Settings, Privacy & Security, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Antivirus sí, kí ẹ fi àmì sí i pé kó máa yẹ lẹ́tà tó ń wọlé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, Manage settings, Exclusions, kí ẹ fi fódà profile kún un. Fáìlì tí ẹ bá yọ jáde látinú lẹ́tà kan láti tọ́jú sí Documents, antivirus á ṣì yẹ ẹ́ wò níbẹ̀. Ẹ má wá torí èyí pa antivirus fúnra rẹ̀.

Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, mo ní àdírẹ́ẹ̀sì íméèlì márùn-ún nínú Thunderbird, Gmail ni méjì nínú wọn. Tí ńẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa, wẹ́rẹ́ ló ń ṣí. Tí modem kò bá tíì so, kò ní dá mi lóhùn bọ̀rọ̀. Dátà mi sì ń tán kíákíá.

Kọ̀ǹpútà yín kò ṣàìsàn. Thunderbird ń kan ilẹ̀kùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó dáhùn. Bí sáfà kan kò bá dáhùn, ìṣẹ́jú àáyá 100 ni yóò fi máa dúró dè é kó tó jáwọ́.

Ẹ wọ Account Settings. Lábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Server Settings, kí ẹ yọ àmì kúrò lára Check for new messages at startup. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀kan tí ẹ ń lò jù. Àwọn tó kù, ẹ lè tẹ Get Messages fún wọn nígbà tí ẹ bá fẹ́. Tí ọ̀kan bá wà nínú wọn tí ẹ kò sanwó rẹ̀ mọ́, tí sáfà rẹ̀ ti kú, òun ló ń jẹ àkókò yín jù. Ẹ kó lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Local Folders kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò. Nínú Settings, General, ẹ yọ àmì kúrò lára Start Page tó máa ń yọ nígbà tí Thunderbird bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, torí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń mú ojú ewé yẹn wá. Níbẹ̀ náà, lábẹ́ Network & Disk Space, bọ́tìnnì Offline wà; ẹ lè ní kó máa béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó má lọ. Lọ́jọ́ tí modem bá ń ṣe ségesège, ẹ ó ní kó má lọ, á sì ṣí.

Ní ti dátà, Gmail ló fà á. Gmail ní fódà kan tó ń jẹ́ All Mail. Gbogbo lẹ́tà tó wà nínú Inbox àti Sent ló tún wà nínú rẹ̀, Thunderbird á sì máa wa lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọ Account Settings, Synchronization & Storage, ẹ tẹ Advanced, kí ẹ yọ àmì kúrò lára All Mail. Lójú ewé kan náà, ẹ ní kó máa tọ́jú lẹ́tà ọjọ́ 90 nìkan sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ti pẹ́ wà lọ́dọ̀ Google, ẹ ó máa rí wọn tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà.

Ní Àgbọwọ́, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní. Tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, tó bá dé, Thunderbird á ní òun ti wà ní ṣíṣí, òun ò sì dáhùn. Nígbà mìíràn lẹ́tà inú fódà kan á di àwátì. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó tún ń ní òun kò gba ìwé ẹ̀rí sáfà (certificate) gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni oògùn wọn.

Àkọ́kọ́: nígbà tí Thunderbird bá ń lọ́ra, ó máa ń ṣe wá bíi ká tún un tẹ̀. Ìtẹ̀ kejì yẹn ló ń bí gbólóhùn Thunderbird is already running. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wá Thunderbird níbẹ̀, ẹ tẹ End task, kí ẹ tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí kò bá sí níbẹ̀ tó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wọ profile, kí ẹ pa fáìlì parent.lock rẹ́.

Lẹ́tà tó di àwátì, àtọ́ka ló dàrú nígbà tí iná lọ. Ẹ tẹ fódà náà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ yan Properties, kí ẹ tẹ Repair Folder. Bó bá jẹ́ IMAP, ẹ mọ̀ pé Repair Folder á tún wa gbogbo lẹ́tà fódà yẹn láti orí sáfà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú dátà kékeré.

Ìwé ẹ̀rí sáfà ni ẹ wá fojú sí. Ẹ wo aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọdún tó wà níbẹ̀ ti padà sẹ́yìn. Ìwé ẹ̀rí sáfà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún tí à ń lò kò tíì dé, á ní ìwé ẹ̀rí náà kò tọ̀nà, gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì á sì kọ̀. Ẹ má ṣe tẹ Confirm Security Exception kó lè kọjá. Aago ni kí ẹ tún ṣe. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń tọ́jú aago nígbà tí kò síná ló ti kú. CR2032 lorúkọ rẹ̀, 3 V, ibi tí wọ́n ń tún aago ṣe náà ń tà á. Ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù sínú rẹ̀ gbẹ. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ẹ tó fi ọwọ́ kan pátákó inú. Bátìrì náà rí róbótó, irin kékeré kan ló dì í mú. Tẹ́ ẹ bá ti irin yẹn sẹ́yìn, á fò sókè. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + kọjú sókè. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Del tàbí F2 kó tó dé Windows, kí ẹ tún ọjọ́ àti aago tò, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

UPS 650 VA kan tó láti gbé kọ̀ǹpútà kan àti ojú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ ó fi ti Thunderbird àti Windows pa bó ṣe yẹ. Fún sẹ́ńtà tó ń fi íméèlì gba iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a rò pé òun ló yẹ kẹ́ ẹ rà ṣáájú prìńtà mìíràn.

Outlook ni tèmi. Akápò ilé-ìwé kan ní Òkè-Àdó ni mí. Ó máa ń dúró sí Loading Profile títí á fi sú èèyàn. Fáìlì PST tí Outlook ń tọ́jú lẹ́tà mi sí wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kejì kí èmi àti igbákejì mi lè jọ máa lò ó.

Ibi tí PST yẹn wà ni ìṣòro yín. Microsoft kò fọwọ́ sí i kéèyàn máa ṣí PST láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn nípasẹ̀ ńẹ́tíwọ́ọ̀kì. Outlook ń kọ nǹkan kéékèèké sínú rẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí wáyà bá já tàbí tí kọ̀ǹpútà kejì bá sùn, fáìlì á bàjẹ́. Èèyàn méjì kò sì lè ṣí i pọ̀. Ẹ ti Outlook pa, kí ẹ gbé PST wá sórí kọ̀ǹpútà tiyín. Tí Outlook bá kígbe pé òun ò rí i, ẹ tọ́ka ibi tuntun hàn án. Bí ẹ̀yin àti igbákejì yín bá gbọ́dọ̀ máa rí lẹ́tà kan náà, ẹ lo IMAP, kí lẹ́tà wà lórí sáfà.

Kí ẹ tó ṣí i padà, ẹ jẹ́ kí SCANPST.EXE, ètò Microsoft tó ń tún PST ṣe, yẹ PST náà wò. Ní Office tuntun, ó wà nínú C:\Program Files\Microsoft Office\root\Office16. Ẹ mú PST fún un, ẹ tẹ Start. Tó bá ní àṣìṣe wà, ẹ jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà kó tó tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ lè pẹ́, ẹ fún un láyè.

Bó bá ṣì ń dúró, ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ outlook.exe /safe. Tó bá ṣí kíá báyìí, àwọn add-in, ètò kéékèèké tí wọ́n so mọ́ Outlook, ló ń fà á. Ẹ wọ File, Options, Add-ins; nísàlẹ̀, níbi Manage, ẹ yan COM Add-ins, ẹ tẹ Go, kí ẹ yọ àmì gbogbo èyí tí ẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ti antivirus àti ti PDF la máa ń kọ́kọ́ wò. PST tí wọ́n dá láti Outlook 2010 wá lè dé 50 GB, ti ayé Outlook 2002 sẹ́yìn kò lè kọjá 2 GB. Bí fáìlì yín bá ti wà láti ìgbà yẹn, ẹ dá PST tuntun, kí ẹ kó lẹ́tà sínú rẹ̀.

Mo rí fáìlì kan nínú profile mi tó ń jẹ́ global-messages-db.sqlite, ó tóbi ju Inbox lọ. Ṣé mo lè pa á rẹ́? Láti Ọjọ́ọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, tí Thunderbird bá wà ní pípa. Òun ni Thunderbird fi ń wá ọ̀rọ̀ kíákíá nínú gbogbo lẹ́tà, lẹ́tà kankan kò gbé inú rẹ̀. Á kọ òmíràn fúnra rẹ̀; ní wákàtí tó bá fi ń kọ ọ́, kọ̀ǹpútà á lọ́ra, ẹ fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ kì í bá wá ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà rárá, ẹ pa Enable Global Search and Indexer nínú Settings, General. Nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ ti gbogbo taabu tí ẹ ṣí kalẹ̀ nínú Thunderbird pa kí ẹ tó jáde lálẹ́, torí pé gbogbo wọn ló tún máa ń ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo ti ṣe Compact, mo ti pín Inbox, Disk ṣì ń gun 100%. RAM 4 GB ló wà nínú rẹ̀, hard disk rẹ̀ jẹ́ 500 GB àtijọ́. Ṣé RAM ni kí n kọ́kọ́ rà ni, àbí SSD? Láti Mọ́níyà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ hard disk náà wò ná. Ẹ gbé CrystalDiskInfo sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá kọ Good, ẹ máa kà lọ. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6. Nọ́ńbà tó bá ti kúrò ní òdo níbẹ̀ ń sọ pé àwọn ojú ibì kan lórí disk náà ti kú tàbí pé wọ́n ń kú lọ. Ẹ má tún ṣe Compact lórí irú disk bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ disk wò. Iṣẹ́ méjèèjì ń lò ó nílòkulò. Profile yín ni kí ẹ kó kúrò lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bó bá jẹ́ Good, SSD ni. Hard disk tó ń yí ní ìgbà 5400 tàbí 7200 ní ìṣẹ́jú kan ní ọwọ́ irin kan tó gbọ́dọ̀ sáré lọ sáré bọ̀ láti ka fáìlì. Nígbà tí Windows, antivirus àti Thunderbird bá jọ ń béèrè nǹkan láàárọ̀, ìsáré yẹn ló ń jẹ́ 100% tí ẹ ń rí. SSD kò ní ohun tó ń yí. Bó bá ka fáìlì kan tààrà, SATA SSD lè kà á ní nǹkan bí 500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, hard disk àtijọ́ máa ń wà ní àyíká 100 MB. Níbi fáìlì kéékèèké, ìyàtọ̀ náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ra SATA SSD 2.5-inch, 240 tàbí 256 GB tó, bí ohun tó wà lórí disk àtijọ́ kò bá ju 200 GB lọ. Wáyà dátà SATA kan ni ẹ máa nílò, bí èkejì kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú wáyà iná SATA tó ṣófo láti ara power supply. Ẹ kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi ètò clone, èyí tó ń ṣe ẹ̀dà odindi disk, kó Windows àti ohun gbogbo láti ara àtijọ́ sí tuntun, kí ẹ wá yọ ti àtijọ́. Ẹ má pa nǹkan orí rẹ̀ rẹ́ títí ẹ ó fi lo tuntun fún oṣù kan.

RAM ló tẹ̀lé e. Kí ẹ tó ṣí Thunderbird, tí Memory nínú Task Manager bá ti kọjá 85%, ẹ fi dé 8 GB. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà: DDR3 kò wọ ojú DDR4, ti láptọ́ọ̀pù kò sì wọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Ní ọjà, ẹ ní kí ọlọ́jà so SSD náà mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ó ṣí CrystalDiskInfo, kí ẹ wo Power On Hours. SSD tuntun kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ níbẹ̀. Bó bá ti di ẹgbẹ̀rún, àlòkù ni, bí páálí rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ẹ dá a padà fún un.